Àlùbọ́sà àti Áyù Nínú Ọgbà: Ìtàn Omi, Ilẹ̀ àti Ọ̀nà Ọjà

Inú ọgbà kéékèèké ni àlùbọ́sà àti áyù ti kọ́kọ́ di ohun ọ̀gbìn, kí wọ́n tó dé oko ńlá. Ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìbátan wọn tó ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí àwọn òkè àárín gbùngbùn Éṣíà, láti àríwá Ìránì àti Turkmenistan títí dé òkè Tien Shan. Òtútù ibẹ̀ máa ń mú gan-an. Bí òtútù bá lọ tán, ojúmọmọ á máa gùn sí i, òjò á sì dá. Ewéko tó bá fẹ́ yè nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè kó oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Oúnjẹ tí ewéko náà tọ́jú de ara rẹ̀ yìí ni ènìyàn wú láti jẹ.

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí wọ́n bá gbé àlùbọ́sà àti áyù lọ, ohun mẹ́ta ló ń sọ bóyá wọ́n á ta tàbí wọn ò ní ta: omi tí ọwọ́ ènìyàn lè dé, gígùn ojúmọmọ, àti òtútù. Níbi tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ti tó, ọ̀nà ọjà ló máa ń gbé wọn dé ìdí ààrò. Ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìtàn àlùbọ́sà níbẹ̀ fi jẹ́ ìtàn ọgbà àti ìtàn ọjà pa pọ̀.

Ọgbà àwọn ará àtijọ́

Lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ lórí iṣẹ́ yìí ni èyí tó wá láti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìráàkì lónìí. Ní ìlú Nippur, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún kí a tó bí Jésù, àwọn akọ̀wé ń fi wàláà amọ̀ ṣírò ilẹ̀ àlùbọ́sà àti àlùbọ́sà tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn wàláà mìíràn láti Babiloni, tí wọ́n kọ ní nǹkan bíi ọdún 1700 kí a tó bí Jésù, ṣàlàyé bí a ṣe ń se oríṣiríṣi ọbẹ̀ ẹran. Lemọ́lemọ́ ni orúkọ àlùbọ́sà àti áyù ń jáde nínú wọn. Ìyẹn fi hàn pé ohun èlò ọbẹ̀ ni wọ́n kà wọ́n sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe ń lò wọ́n dòní.

Ní Íjíbítì, àwòrán ara ògiri ibojì ló sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Nínú ibojì Mereruka ní Saqqara, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bíi ọdún 2300 kí a tó bí Jésù, àwọn olùtọ́jú ọgbà gbé ọ̀pá lé èjìká, ìkòkò omi so rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ń da omi náà sínú àwọn abala ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí wọ́n mọ etí rẹ̀ yí ká. Abala kọ̀ọ̀kan kò tóbi: ẹni tó dúró létí rẹ̀ lè na ọwọ́ dé àárín láì tẹ inú rẹ̀. Etí tí wọ́n mọ ni kì í jẹ́ kí omi ṣàn dànù. Irú abala yìí ni a ṣì ń bá pàdé nínú ọgbà àlùbọ́sà ní Sókótó àti ní Niger.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pá ìfami dé ọgbà àwọn ará Íjíbítì. Igi gígùn kan ni wọ́n fi dábùú orí òpó. Garawa wà ní ẹnu kan, amọ̀ tàbí òkúta tó wúwo wà ní ẹnu kejì. Bí olùtọ́jú ọgbà bá ti fa garawa wọnú odò, ẹrù ẹnu kejì ni yóò bá a gbé omi sókè. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi bomi rin ilẹ̀ tí àwọn oníkòkò mélòó kan ì bá fi àárọ̀ bomi rin.

Àwọn ará Íjíbítì kò fi àlùbọ́sà mọ sídìí oúnjẹ. Wọ́n bá áyù nínú ibojì ọba Tutankhamun, tó kú ní nǹkan bíi ọdún 1323 kí a tó bí Jésù. Nígbà tí wọ́n sì ń ṣe òkú ọba Ramesses Kẹrin lọ́jọ̀ fún ìsìnkú, àlùbọ́sà ni wọ́n fi sí ihò ojú rẹ̀. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì tó rìnrìn àjò dé Íjíbítì ní ọ̀rúndún karùn-ún kí a tó bí Jésù, kọ ọ́ pé wọ́n ka àkọlé ara pírámíìdì ńlá fún òun, pé 1,600 tálẹ́ńtì fàdákà ni wọ́n ná lórí rádíìṣì, àlùbọ́sà àti áyù tí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ. Yálà ògbufọ̀ rẹ̀ ka àkọlé náà dáadáa tàbí kò kà á dáadáa, ìtàn yẹn fi hàn pé oúnjẹ àwọn alágbára iṣẹ́ ni ayé ìgbà náà mọ̀ wọ́n sí.

Ìwé mímọ́ méjì tí Yorùbá ń kà jù lọ rántí ọgbà yìí kan náà. Nínú Númérì orí 11, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó wà nínú aginjù ń ráhùn pé àwọn kò rí àlùbọ́sà àti áyù Íjíbítì jẹ mọ́. Al-Kùránì, ní súrà Al-Báqárà ẹsẹ 61, sọ nípa ìráhùn kan náà. Àwọn hádíìsì sì fi òfin òórùn lé e lórí: ẹni tó bá jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà ní tútù kò gbọdọ̀ sún mọ́ mọ́ṣáláṣí kí òórùn náà má baà ni àwọn olùkírun lára.

Láti etí òkun Mẹditaréníà, àwọn ará Róòmù gbé àwọn ewéko méjèèjì wọ àríwá Yúróòpù. Nínú àwòrán ilé àwọn mọ́ǹkì ti St. Gall, tí wọ́n yà ní nǹkan bíi ọdún 820, ọgbà ẹ̀fọ́ ní abala 18, wọ́n sì kọ orúkọ ohun tí wọ́n máa gbìn sórí abala kọ̀ọ̀kan: àlùbọ́sà wà níbẹ̀, áyù wà níbẹ̀, àlùbọ́sà kéékèèké oníṣùpọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ní gúúsù Spéènì, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti ń jọba nígbà náà, Ibn al-Awwam ará Seville kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá. Ìmọ̀ ọgbà olómi irú èyí kárí gbogbo ìhà àríwá Áfíríkà, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí ọ̀nà aṣálẹ̀

Àwọn ìlú tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà kò lè jẹun láìní ọgbà. Al-Bakri, ará Spéènì, kọ ní ọdún 1068 nípa ìlú Awdaghust, tó wà ní ilẹ̀ Mọriténíà òde òní, pé garawa ni wọ́n fi ń bomi rin àlìkámà níbẹ̀, àwọn ọlọ́lá nìkan ló sì ń jẹ ẹ́. Bí ọgbà olómi ṣe ń tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kọjá aṣálẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà yìí ni àlùbọ́sà gbà dé ilẹ̀ Haúsá. Orúkọ rẹ̀ gan-an, tí Yorùbá gbà lọ́wọ́ Haúsá, tí Haúsá sì gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá, jẹ́rìí sí i.

Ilẹ̀ Haúsá bá a lára mu. Òjò ibẹ̀ máa ń dá ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, kò sì ní rọ̀ títí di oṣù Karùn-ún. Láàárín ìgbà náà, ọyẹ́ máa ń mú kí òru tutù, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbẹ débi pé ewé kì í tètè jẹrà. Lójú odò Sókótó, Rima àti Hadejia, omi máa ń bo ilẹ̀ nígbà òjò, yóò sì fà kúrò lẹ́yìn náà, tí á fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀. Ilẹ̀ yìí ni Haúsá ń pè ní fàdámà, tí Yorùbá ń pè ní àkùrọ̀.

Iṣẹ́ ọgbà àlùbọ́sà níbẹ̀ ní ètò tí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìran dé ìran. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àgbẹ̀ á fọ́n irúgbìn sí nọ́sìrì, á sì fi koríko bò ó kí oòrùn má baà pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà tí ọmọ àlùbọ́sà bá ti tó ìwọ̀n ìfọ́yín, wọ́n á hú u, wọ́n á gé orí ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì tún un gbìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú abala onígun mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ jìn. Bí ọrùn rẹ̀ bá rì, kò ní ta dáadáa. Láti ìgbà náà, omi kò gbọdọ̀ wọ́n án ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ọ̀pá ìfami ti àwọn ará Íjíbítì ni wọ́n máa ń lò tẹ́lẹ̀, tí Haúsá ń pè ní jigo. Ẹnì kan á máa fa omi, ẹlòmíràn á sì dúró nínú ọgbà pẹ̀lú ọkọ́. Á fi ọkọ́ ṣí ẹnu abala kan, omi á kún un, á dí i, á sì ṣí ìkejì.

Nígbà tí ọrùn àlùbọ́sà bá ti rọ̀, tí ewé rẹ̀ sì tẹ́ sórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ mọ̀ pé ó ti gbó. Wọ́n á dáwọ́ omi dúró, wọ́n á hú u, wọ́n á sì sá a kí ọrùn rẹ̀ gbẹ pátápátá, nítorí ọrùn tútù ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé. Èyí tí wọn kò bá tà lójú ẹsẹ̀, inú ahéré oníkoríko tí wọ́n ń pè ní rudu ni wọ́n ń kó o sí, níbi tí atẹ́gùn ti lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ewé rẹ̀ náà kì í ṣòfò: wọ́n ń gún un, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń tà á fún ìsebẹ̀ ní àsìkò tí àlùbọ́sà bá wọ́n.

Ní ọ̀rúndún ogún, ọgbà di oko. Ìdídò omi Tiga ní Kánò, tí wọ́n parí ní ọdún 1974, àti ti Bakolori tó tẹ̀ lé e, gbé omi dé ilẹ̀ tí jigo kò lè bomi rin. Láti àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ ìfami kékeré tó ń lo bẹntiróòlù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ọ̀pá ìfami. Aliero ní ìpínlẹ̀ Kebbi di ọjà àlùbọ́sà tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Ní òdìkejì ẹnubodè, abúlé Galmi ní Niger sọ àlùbọ́sà pupa rẹ̀ lókìkí débi pé orúkọ abúlé náà ni wọ́n fi ń pe irúgbìn rẹ̀ káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní Benin, etí odò Ọya ní Malanville ni àlùbọ́sà ti pọ̀ jù.

Ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ ṣe

Ibì kan wà tí odò ti pèsè ilẹ̀ sílẹ̀, ibòmíràn sì wà tí ènìyàn ti ṣẹ̀dá ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní òkè Bandiagara ní Málì, orí àpáta ni àwọn Dogon ń gbé. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń ru iyẹ̀pẹ̀ gun orí àpáta. Wọ́n á fi òkúta to etí yí ibi kékeré kan ká, wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ náà sínú rẹ̀, wọ́n á sì po ìgbẹ́ ẹran mọ́ ọn. Akèrègbè ni wọ́n fi ń pọn omi wá láti inú kòtò tí omi òjò dúró sí, wọ́n á fọ́n ọn sórí àlùbọ́sà bí òjò, wọ́n á sì padà lọ pọn òmíràn. Láàárín ọ̀rúndún ogún, wọ́n kọ́ àwọn ìdídò omi kéékèèké tó mú kí ọgbà náà pọ̀ sí i. Marcel Griaule, onímọ̀ ará Faransé tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín wọn, lọ́wọ́ nínú èyí tó wà ní Sangha. Àwọn Dogon máa ń gún àlùbọ́sà wọn, wọ́n á rò ó ní rìbìtì rìbìtì, wọ́n á sì sá a gbẹ, kí ó lè rìn jìnnà dé ọjà láì bàjẹ́.

Ní etí òkun Gánà, láàárín àwọn Ewe ìlú Anloga àti Keta, yanrìn ni ìṣòro. Ilẹ̀ tóóró kan ni wọ́n ń gbé: òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ náà lọ lọ́dọọdún. Nígbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa igi àgbọn wọn ní àwọn ọdún 1930, àlùbọ́sà kéékèèké oníṣùpọ̀ túbọ̀ di ohun tí wọ́n gbójú lé. Wọ́n sọ yanrìn di ilẹ̀ nípa fífi ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ àdán àti ẹja wẹ́wẹ́ jí i. Kò sí odò níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi òjò tó wọnú yanrìn máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, kànga tí kò jìn ni wọ́n ń gbẹ́ sáàárín àwọn abala, nítorí bí kànga bá jìn jù, omi iyọ̀ ni yóò yọ. Ọgbà náà kéré, ṣùgbọ́n wọ́n lè kórè nínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún. Etí òkun Grand-Popo ní Benin náà ń ṣe irú ọgbà orí yanrìn bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá: ewé nínú ọgbà, àlùbọ́sà lọ́jà

Yorùbá kò ṣàjèjì sí ọgbà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àkùrọ̀ ni wọ́n ń dá létí odò nígbà tí òjò bá dá, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti àgbàdo tútù lè wà lọ́jà lásìkò tí oko gbígbẹ kò mú nǹkan wá. Síbẹ̀, àlùbọ́sà oníkókó ńlá kò gba ibẹ̀. Ọ̀rinrin kì í kúrò nínú afẹ́fẹ́ pátápátá kódà lásìkò ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì gùn tó ti òkè ọya. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá àlùbọ́sà tí kò tíì gbó nílẹ̀, àrùn á mú ewé rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò ní gbẹ, yóò sì jẹrà kí ó tó dé ọjà.

Ìṣòro kejì ni irúgbìn. Àlùbọ́sà kì í so lọ́dún tí wọ́n bá gbìn ín. Ó gbọ́dọ̀ ta ná, kí òtútù mú un, kí ó tó yọ òdòdó lọ́dún kejì. Ọyẹ́ Sókótó lè mú un yọ òdòdó; ooru Ìbàdàn kò lè ṣe é. Irúgbìn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Èyí tó bá ti ju ọdún méjì lọ ṣòroó hù. Bí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá bá fẹ́ gbin àlùbọ́sà láti inú irúgbìn, ó di dandan kí ó máa ra irúgbìn láti ibòmíràn lọ́dọọdún.

Ohun tó bá ọgbà ilé Yorùbá mu ni àlùbọ́sà eléwé. Kò nílò òdòdó, kò nílò irúgbìn. Kókó rẹ̀ kékeré ni wọ́n ń tún gbìn, kókó kan á sì pín di púpọ̀. Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń gé, òmíràn á sì hù. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ìfọwọ́ ilé ìdáná ń ṣàn sí tó o, inú agbada tó ti fọ́ sì tó o. Ó ṣe é fi sọ́bẹ̀, ó sì ṣe é lò fún àgbo. Àwọn eléwé ọmọ ń tà á pẹ̀lú ewé àti egbò lọ́jà, áyù sì wà nítòsí rẹ̀ nísọ̀ lékúlẹ́jà. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ohun ìwòsàn ni áyù fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó di ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ilé ń lọ̀ mọ́ ata.

Àlùbọ́sà ńlá wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn oníṣòwò Haúsá ń kó màlúù, kán-ún, awọ àti ẹrù òkè ọya wá sí gúúsù, wọ́n sì ń kó obì padà. Nígbà tí ojú irin Èkó dé Kánò ní ọdún 1912, ẹrù tó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní Ìbàdàn, wọ́n ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá ní ọdún 1916. Màlúù àti obì ni òwò tó gbé àdúgbò náà ró, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ bá oúnjẹ mu pẹ̀lú. Baba ilé máa ń gba àlejò oníṣòwò sílé, ó máa ń bá a tọ́jú ẹrù, ó máa ń bá a wá oníbàárà, ó sì máa ń dúró fún un lórí owó àwìn. Nígbà tí lọ́rì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú irin, irú ètò yìí bá ẹrù lọ sí àwọn ọjà tuntun. Bódìjà àti Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àti Mile 12 ní Èkó, di ibi tí tírélà ti ń já àpò àlùbọ́sà sílẹ̀ lóru, kí àwọn alájàpá tó gbà á láàárọ̀ kùtù.

Ohun tí ojúmọmọ ń ṣe

Àwọn òyìnbó tó wá sí Áfíríkà rí àdììtú kan nínú ọgbà wọn. Irúgbìn àlùbọ́sà tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń hù dáadáa, ewé rẹ̀ á yọ gbọọrọ, ṣùgbọ́n kì í ta, bó ti wù kí ajílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó. Ìdáhùn jáde láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1920, nígbà tí Garner àti Allard, onímọ̀ ọ̀gbìn méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, tẹ ìwádìí wọn jáde pé ewéko lè mọ bí ojúmọmọ ṣe gùn tó, òun ló sì ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó yọ òdòdó. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí i pé àlùbọ́sà náà ń dúró de ojúmọmọ kí ó tó ta.

Àlùbọ́sà tí wọ́n ti gbìn láti ìran dé ìran ní Yúróòpù ń retí ojúmọmọ wákàtí 14 sí 16. Ní ojúmọmọ tó gùn jù lọ́dún, Lọ́ńdọ̀nù ní ju wákàtí 16 lọ, nígbà tí Ìbàdàn kò ju bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Irúgbìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbìn sí Ìbàdàn á máa retí ọjọ́ tí kò ní dé láéláé. Àlùbọ́sà ilẹ̀ Haúsá àti ti Galmi kò nílò ju bíi wákàtí 12 lọ, nítorí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣa èyí tó ta dáadáa fún irúgbìn láti ìran dé ìran. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso, NIHORT, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, ní ẹ̀ka ní Bagauda nítòsí Kánò, láàárín àwọn tó ń gbin irú àlùbọ́sà bẹ́ẹ̀.

Áyù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúmọmọ nìkan kò tó o; awẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó lè pín sí awẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ Sókótó, Kebbi àti Jigawa fi ń gbìn ín nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbìn ín sí ibi tí ooru wà, ewé rẹ̀ á hù, ṣùgbọ́n kókó kan ṣoṣo tí kò láwẹ́ ni wọ́n máa ń bá nílẹ̀, bí wọ́n bá bá ohunkóhun rárá. Áyù tí wọ́n ń gbìn kì í sì í so irúgbìn. Awẹ́ ni wọ́n ti ń gbìn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ láì jẹ. Lónìí, Ṣáínà ló ń kórè púpọ̀ jù nínú áyù gbogbo ayé, áyù funfun inú àpò àwọ̀n tó pọ̀ lọ́jà Èkó sì máa ń ti ibẹ̀ wá.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà yà sọ́nà ohun tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń lò. Ní ọdún 1944, Chester Cavallito àti John Hays Bailey ní Amẹ́ríkà yọ èròjà allicin jáde láti inú áyù, wọ́n sì fi hàn pé ó ń pa kòkòrò àrùn nínú ìgò ìdánwò. Èròjà yìí kò sí nínú awẹ́ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ìgbà tí a bá gé e tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni nǹkan méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pàdé láti ṣe é. Ohun ìjà tí ewéko náà fi ń lé kòkòrò ni.

Nígbà tí ọ̀nà bá já

Ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ìtàn, ọgbà ilé máa ń padà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọjà nígbà tí ọ̀nà bá já. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fojú rí i nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ogun tó dé, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlùbọ́sà wọn ti ń wá, pàápàá láti Brittany ní Faransé àti erékùṣù Channel. Láti ọdún 1828 ni àwọn ará Roscoff ti ń kó àlùbọ́sà sọdá òkun, tí wọ́n ń kiri rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí Jámánì gba Faransé àti àwọn erékùṣù náà ní ọdún 1940, àlùbọ́sà di ohun tí wọ́n ń fi ta tẹ́tẹ́ lọ́fíìsì. Ìjọba ní kí oníkálukú gbẹ́ ọgbà ilé rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pín fún àwọn ará ìlú láti fi dáko ẹ̀fọ́ sì gbilẹ̀ sí i. Ojúmọmọ wọn bá irúgbìn wọn mu, nítorí náà ọgbà náà lè dí àlàfo tí òkun fi sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ìjọba Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation ní oṣù Karùn-ún ọdún 1976, pé kí ilé ìwé, iléeṣẹ́ àti agboolé máa gbin oúnjẹ. Àlùbọ́sà kò sí lára ohun tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé gúúsù lè fi bẹ́ẹ̀ pèsè, bí ó ti wù kí ìtara pọ̀ tó. Òótọ́ yìí tún hàn ní ọdún 2021. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní oṣù Kejì, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti àríwá dáwọ́ dúró, wọn kò kó ẹrù wá sí gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan. Àlùbọ́sà wọ́n bí ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí kò sí ọgbà kan nítòsí tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ọgbà ilé ilẹ̀ Yorùbá ti fi dáhùn, tí ó sì ń fi dáhùn síbẹ̀, ni ewé. Àlùbọ́sà tó bá hù sínú agbọ̀n ilé ìdáná, wọ́n á gé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú àgé tàbí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n lu ní ihò nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa gé ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀. Àwọn tó bá gbìyànjú kókó rẹ̀ gan-an máa ń ra irúgbìn àríwá, wọ́n ń pa nọ́sìrì ní oṣù Kẹwàá kí wọ́n lè kórè kí òjò tó padà dé, wọ́n sì ń gbé ebè ga kí omi má dúró ní ìdí rẹ̀. Èyí tó ta nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ tó èyí tí tírélà kan ń gbé. Bí ó ti wà láti ìgbà tí àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń rìn gba Ìlọrin kọjá, ewé ni ọgbà Yorùbá ń pèsè, kókó sì ń ti òkè ọya wá.